Bí ẹ ṣe máa fi owó iṣẹ́ díspáàṣì kan wé òmíì l'Ékìtì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé

Tí ọmọ Adó kan bá ti fẹ́ bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ díspáàṣì pátápátá, ìyẹn fífi máṣíìnì gbé ẹrù dé ọ̀dọ̀ kọ́sítọ́mà, kì í ṣe ti kó máa fi ọ̀sán Sátidé nìkan ṣe é o, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa bi àwọn tó ti wà ńbẹ̀ ni pé "èló ni wọ́n ń san?" Ẹnì kan á ní 80 (ìyẹn 80,000 náírà lóṣù), òmíì á ní 120, ẹnì kẹta á ní òun ń gbé 150 délé, gbogbo wọn á wá máa pariwo iye bí ẹni pé owó kan náà ni wọ́n ń sọ. Owó kan náà kọ́. 85 ti ẹnì kan lè ju 157 ti ẹlòmíì lọ, màá ṣírò ẹ̀ nísàlẹ̀ yìí kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i.

Ohun tẹ́ ẹ máa wádìí lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ò pọ̀. Èló ló kù lọ́wọ́ yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ fowó ara yín rà, wákàtí mélòó lẹ fi wá a, àti pé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ṣubú lórí máṣíìnì, ta ló máa sanwó. Ẹ̀kẹta yẹn làwọn èèyàn kì í béèrè torí kò sẹ́ni tó fẹ́ fẹnu ara ẹ̀ pe aburú lọ́jọ́ ìntáfíù, àmọ́ lójú tèmi òun ló wúwo jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó gbà yín síṣẹ́

Nínú Adó níbí, irú iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n máa ń pè ní díspáàṣì fúlútáìmù. Àkọ́kọ́, kọ́ńpìnnì ló ni máṣíìnì, àwọn ló ń ra epo, wọ́n ń san owó oṣù. Èkejì, wọ́n á fún yín lówó oṣù kékeré kan, wọ́n á wá fi kọmíṣọ̀n lé e lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan, àmọ́ epo ti di tiyín, ìgbà míì sì rèé, àtúnṣe náà ti di tiyín. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin lẹ ni máṣíìnì tàbí kẹ́ ẹ gbà á ní háyà pọ́ṣéèsì lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ ń san tiẹ̀ fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, iye tó bá kù di tiyín. Àwọn tó ń wa bọ́ọ̀sì ẹrù láti Adó lọ Èkó tàbí Ìbàdàn tún wà lọ́tọ̀, mo máa kàn wọ́n tó bá yá.

Ọ̀rọ̀ "fúlútáìmù" yìí kàn túmọ̀ sí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n fẹ́ máa rí yín, kò ní kẹ́ ẹ jẹ́ òṣìṣẹ́ wọn. Torí náà ẹ bi wọ́n ní tààrà: ṣé òṣìṣẹ́ yín ni mo máa jẹ́ àbí kọ́ńtíráktọ̀? Ibẹ̀ ni gbogbo àjẹmọ́nú ti ń bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ òṣìṣẹ́, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ìyẹn Labour Act, sọ pé kó tó pé oṣù mẹ́ta tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé tí orúkọ kọ́ńpìnnì wà nínú ẹ̀, iye owó, ìgbà tí wọ́n á máa san án, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, àti bí ẹnikẹ́ni nínú yín ṣe lè fòpin sí i. Tí mánéjà bá ń sọ pé "àwa ò kì í ṣe ìwé níbí, ìfọkàntán la fi ń ṣiṣẹ́", àmọ́ tó ní kẹ́ ẹ mú onídùúró méjì wá tí wọ́n máa fọwọ́ síwèé, ẹ rí i pé ìwé wà o, ọ̀dọ̀ yín nìkan ni ò dé.

Nígbà tá a wà lórí ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí fídíò Amẹ́ríkà da orí yín rú. Lọ́dún 2023 nígbà tí UPS àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Teamsters ṣe àdéhùn tuntun, gbogbo ayé ló gbọ́ pé dírébà tó ń gbé ẹrù fún UPS máa máa gba 170,000 dọ́là lọ́dún, àwọn ará ilé wa sì ti ń bi ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní Houston pé kí ló ń ṣe ní ilé ìwòsàn tí kò lọ wa mọ́tò. Iye yẹn kì í ṣe owó oṣù nìkan. Owó àti àjẹmọ́nú ni wọ́n kó pọ̀, ti dírébà fúlútáìmù, nígbà tí àdéhùn ọdún márùn-ún náà bá fi máa parí. Owó wákàtí tó ga jù ńbẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 49 dọ́là, tẹ́ ẹ bá fi wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ná ọ̀sẹ̀ 52, 101,920 ló máa fún yín, ìyókù ni ofatáìmù, ìtọ́jú ìlera àti owó ìfẹ̀yìntì. Dírébà tuntun sì máa lo ọdún mẹ́rin kó tó débi owó gíga yẹn. Ní Amẹ́ríkà kan náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wa bọ́ọ̀sì Amazon kì í ṣe òṣìṣẹ́ Amazon rárá, kọ́ńpìnnì kéékèèké tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Amazon ló gbà wọ́n, nítorí náà ẹni méjì lè wọ ẹ̀wù kan náà kí ìtọ́jú ìlera wọn má dọ́gba. Bó ṣe rí níbí náà nìyẹn, ẹ̀wù tó wà lọ́rùn yín ò sọ ẹni tó ń sanwó fún yín.

Ìṣírò

Ẹ mú fóònù yín, ẹ ṣí kálkuléétọ̀. Àpẹẹrẹ ni gbogbo iye tí mo fẹ́ lò yìí o, tiyín lẹ máa fi rọ́pò ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ọjọ́ 26 lèèyàn ń ṣiṣẹ́ lóṣù, ká fi epo sí 1,000 náírà lítà kan kó lè rọrùn, ká ní lítà mẹ́ta ni máṣíìnì ń jẹ lójúmọ́.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́, ₦85,000 lóṣù, máṣíìnì wọn, epo wọn, aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á yọ owó ìfẹ̀yìntì ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦6,800. Owó orí ńkọ́? Láti oṣù kìíní 2026 tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀, ₦800,000 àkọ́kọ́ téèyàn bá pa lọ́dún ò ní owó orí, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà lórí èyí tó tẹ̀ lé e, nítorí náà ẹni tó ń gba 85,000 máa san bíi ₦1,700 lóṣù, ó tiẹ̀ lè má tó bẹ́ẹ̀ tó bá ń sanwó ilé torí wọ́n máa ń yọ díẹ̀ nítorí owó ilé. Ká ní dátà àti owó ìpè tó jẹ́ tiyín jẹ́ ₦6,000. Ó ku ₦70,500 tẹ́ ẹ máa fọwọ́ bà. Wákàtí mẹ́wàá lọ́nà 26 jẹ́ 260, pín 70,500 sí i, bíi ₦271 ni wákàtí kan. Àmọ́ kò tán síbẹ̀, torí kọ́ńpìnnì náà máa fi ìdá mẹ́wàá tiẹ̀, ₦8,500, kún 6,800 yín nínú àpò ìfẹ̀yìntì, owó yín ni 15,300 yẹn, kàn jẹ́ pé ẹ ò lè ná an lónìí. Tẹ́ ẹ bá kà á mọ́ ọn, wákàtí kan di ₦330.

Iṣẹ́ kejì, ₦40,000 lóṣù àti ₦300 lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan. Mánéjà á ní "ráídà wa tó já fáfá ń gbé ẹrù 15 lójúmọ́", ẹ̀yin náà á wá ṣírò ẹ̀ lójú ẹsẹ̀: 4,500 lójúmọ́, 117,000 lóṣù, pẹ̀lú 40, ₦157,000. Ó dùn mọ́ni. Ẹ wá yọ epo, 78,000. Ẹ yọ ọ́ìlì, pílọ́ọ̀gì, bíréèkì àti ọwọ́ mẹkáníìkì, ká fi sí 10,000. Ẹ yọ dátà àti owó ìpè, torí ẹ̀yin lẹ máa pe gbogbo kọ́sítọ́mà, 9,000. Ó ku ₦60,000. Ráídà kọmíṣọ̀n kì í sì í padà sílé ní aago mẹ́fà, ká fi wákàtí 12 sí i, 312 lóṣù. Wákàtí kan jẹ́ ₦192, kò sí owó ìfẹ̀yìntì kankan lẹ́yìn ẹ̀.

Ìyẹn gan-an lọ́jọ́ tí ẹrù bá pé 15 ojoojúmọ́. Tó bá jẹ́ 10 lẹ̀ ń rí, kọmíṣọ̀n di 78,000, àròpọ̀ di 118,000, tí epo ò bá sì dín, ₦21,000 ló kù. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ fáwọn àbúrò pé ẹ má bi mánéjà pé ẹrù mélòó ni ráídà ń gbé, ẹ lọ dúró síwájú ọ́fíìsì wọn láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday, kì í ṣe Friday, kẹ́ ẹ ka àwọn máṣíìnì tó ń jáde àti ẹrù tó wà nínú àpótí wọn. Ẹ ra gúgúrú, ẹ jókòó.

Iṣẹ́ kẹta, máṣíìnì háyà pọ́ṣéèsì, ẹ ń san ₦25,000 lọ́sẹ̀ fún oṣù 18. Ká ní ẹ̀ ń rí ẹrù mẹ́jọ lójúmọ́, 1,500 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦12,000 lójúmọ́, 312,000 lóṣù. Epo 78,000. Ti ọlọ́kọ̀ bíi 108,000, torí oṣù kan ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣe àṣìṣe. Àtúnṣe 20,000, dátà àti ìpè 9,000. Ó ku ₦97,000, nínú wákàtí 312 yẹn náà, bíi ₦311 ni wákàtí kan. Ṣé ẹ rí i pé òun ló kó owó sílé jù? Mi ò ní parọ́ fún yín, ẹni tó bá ní kọ́sítọ́mà tiẹ̀, àwọn tó ń ta aṣọ, wíìgì, kéèkì, tí wọ́n ń pè é tààrà láìgba ọwọ́ kọ́ńpìnnì, iṣẹ́ kẹta yìí lè dára fún un ju gbogbo ìyókù lọ, lẹ́yìn oṣù 18 máṣíìnì á sì di tiẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣírò àròpọ̀ ẹ̀: 25,000 lọ́nà ọ̀sẹ̀ 78 jẹ́ ₦1,950,000, ẹ wá béèrè iye tí irú máṣíìnì yẹn jẹ́ ní tuntun lọ́jà, ìyàtọ̀ ẹ̀ ni èrè olówó. Ọ̀sẹ̀ tí ibà bá sì gbé yín dè, 25,000 ń retí yín. Ẹ béèrè pé tó bá ku oṣù méjì kí wọ́n jí máṣíìnì náà ńkọ́? Tí èsì bá ń falẹ̀, ẹ mọ ohun tó wà ńbẹ̀.

Òkè, òjò, àti ọjọ́ tí ọmọ iléèwé bá lọ sílé

Ìlú wa kì í ṣe pẹ̀tẹ́lẹ̀. Orúkọ Èkìtì tí ìpínlẹ̀ yìí ń jẹ́ gan-an ń sọ ọ́, ẹni tó ń gbé àpótí ẹrù gun òkè láàárọ̀ dalẹ́ máa jẹ epo àti bíréèkì ju ẹni tó ń sáré lórí ilẹ̀ tó tẹ́ lọ. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún 2023, epo ò tó 200 lítà kan nílé epo, èèyàn lè fojú fo ìyàtọ̀ yẹn dá, kò ṣeé fò dá mọ́. Torí náà tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa ra epo, ibi tí wọ́n máa rán yín lọ ṣe pàtàkì bí iye tí wọ́n máa san. Ẹrù láti Fájuyì sí Òkèsà ₦300, ẹrù láti Fájuyì lọ Ìkéré ₦300 náà? Ẹ bi wọ́n ṣé kọmíṣọ̀n ń lé pẹ̀lú ọ̀nà jíjìn. Ẹrù Ìfàkì, Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé, Ìjerò, Ìlawẹ̀ gbọ́dọ̀ ní iye tiẹ̀ lórí ìwé, kì í ṣe "a máa wo bó ṣe rí".

Ẹ tún bi wọ́n nípa àkókò tí wọn kì í sanwó ẹ̀. Kẹ́ ẹ dúró ìṣẹ́jú 40 níwájú géètì iléèwé kí ọmọ kan parí lẹ́kíṣọ̀, kí kọ́sítọ́mà ní òun wà ní Basírì kẹ́ ẹ dé ibẹ̀ kó ní òun ti wà ní Ajílòsun, kó ṣí ẹrù kó ní kò wu òun mọ́, ṣé wọ́n máa san kọmíṣọ̀n ẹ̀? Iṣẹ́ olówó oṣù ò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà, àmọ́ nínú iṣẹ́ kọmíṣọ̀n ẹrù mẹ́ta tí wọ́n dá padà lè jẹ epo ọjọ́ náà tán.

Ẹ má sì fi oṣù December ṣe ìwọ̀n. December ni gbogbo ayé ń ra nǹkan, ráídà kọmíṣọ̀n á máa ya fọ́tò álàátì fún yín. Adó jẹ́ ìlú akẹ́kọ̀ọ́, EKSU wà lójú ọ̀nà Ìwòròkò, Pólì àti ABUAD wà lójú ọ̀nà Ìjàn, Ìkéré ní BOUESTI, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé ní FUOYE. Tí wọ́n bá lọ hólídé tàbí tí ASUU bá daṣẹ́ sílẹ̀, ẹrù máa lọ sílẹ̀, owó oṣù ò ní lọ sílẹ̀. Òjò tún wà, láti bíi oṣù Kẹrin títí wọ oṣù Kẹwàá, tí ọ̀sán kan lè ṣòfò báyìí. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kọmíṣọ̀n yẹn, ẹ ní kó sọ oṣù tó burú jù fún yín, kó má sọ èyí tó dáa jù. Ẹ lo iye oṣù burúkú yẹn fún oṣù mẹ́rin nínú ìṣírò ọdún yín.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ṣubú

Mo ní òun ló wúwo jù lójú mi, ẹ fara balẹ̀ ka apá yìí.

Òfin kan wà, Employees' Compensation Act ti ọdún 2010, tó ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àròpọ̀ owó òṣìṣẹ́ ẹ̀ fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń tọ́jú owó yìí. Òṣìṣẹ́ ò ní san kọ́bọ̀ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, àpò yẹn ló máa gbé owó ìtọ́jú, òun ló máa sanwó tí ẹsẹ̀ bá dá débi pé ẹ ò lè ṣiṣẹ́ mọ́, tó bá sì burú jù, àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé yín máa gba tiwọn. Àmọ́ ẹ ní ọjọ́ 14 láti fi tó kọ́ńpìnnì létí, kọ́ńpìnnì náà sì ní ọjọ́ méje láti fi tó NSITF létí. Nítorí náà ìbéèrè yín ni: "Ṣé ẹ ń sanwó sí NSITF, ṣé mo lè rí ìwé ẹ̀rí ti ọdún yìí?" Kọ́ńpìnnì tó ń san án ní ìwé yẹn, kò ní ṣòro fún wọn láti fi hàn. Iṣẹ́ tó ní i tí owó ẹ̀ fi 15,000 kéré, èmi máa mú un. Ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń gba láti to eegun ẹsẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó bá mi jà.

Owó ìfẹ̀yìntì, òfin 2014 ló dè é: kọ́ńpìnnì tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè gbọ́dọ̀ ṣe é, ìdá mẹ́wàá láti ọ̀dọ̀ wọn, ìdá mẹ́jọ láti ọ̀dọ̀ yín, ó kéré tán. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń ní "kí ni mo fẹ́ fi pẹ́ńṣọ̀n ṣe, mo ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 24", ó yé mi, àmọ́ ẹ rántí pé tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ ò tíì pé àádọ́ta ọdún, tí oṣù mẹ́rin kọjá tẹ́ ẹ ò rí òmíì, ẹ lè gba tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà ńbẹ̀. Òfin kan náà ní kí agbanisíṣẹ́ ra ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, iye tí kò ní dín sí owó ọdún mẹ́ta. Fún ẹni tó ń gba 85,000, ìyẹn jẹ́ ₦3,060,000 fún ìyàwó àti ọmọ. Kò sẹ́ni tó máa ń dárúkọ ẹ̀ lọ́jọ́ ìntáfíù. Ẹ dárúkọ ẹ̀.

Ìlera: láti 2022 ni òfin NHIA ti sọ ìnṣọ́ránsì ìlera di dandan, ìpínlẹ̀ Èkìtì náà sì ní ètò tiẹ̀. Ẹ má gba "a ní HMO" (ìyẹn kọ́ńpìnnì tó ń bójú tó ìnṣọ́ránsì ìlera) lẹ́nu lásán, ẹ béèrè orúkọ ilé ìwòsàn tẹ́ ẹ máa lò, ṣé ó kan ìyàwó àti ọmọ, ṣé ó kan ìjàǹbá ọkọ̀.

Ìsinmi ńkọ́? Labour Act ní lẹ́yìn oṣù 12 ẹ ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ó kéré tán tí wọ́n máa sanwó ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ṣàìsàn tí dókítà kọ̀wé sí i, ọjọ́ 12 lọ́dún pẹ̀lú owó. Ọjọ́ 18 lápapọ̀. 85,000 pín sí 26 jẹ́ bíi ₦3,270 lójúmọ́, ọjọ́ 18 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦59,000 tó ń wọlé láìgun máṣíìnì. Ráídà kọmíṣọ̀n tó bá ṣàìsàn, òfo. Òfin kan náà ní ẹ gbọ́dọ̀ sinmi ọjọ́ kan odidi nínú méje, "Sunday tó bá rọgbọ" ò sí nínú ẹ̀.

₦70,000 owó oṣù tó kéré jù tí wọ́n fọwọ́ sí lóṣù Keje 2024 ńkọ́, ṣé kì í dè wọ́n? Kì í de kọ́ńpìnnì tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ ò tó 25, kì í sì í de ẹni tó ń gba kọmíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì díspáàṣì nínú Adó ò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn fi ṣe òṣùwọ̀n, pé iṣẹ́ tí ohun tó kù nínú ẹ̀ lẹ́yìn epo bá ti lọ jìnnà sísàlẹ̀ 70,000, kí ni ẹ fẹ́ fi wákàtí 12 ṣe níbẹ̀?

Fáìnì àti ẹrù tó sọnù

Ibí yìí ni owó oṣù tó dáa ti máa ń di òfo lóru. Ọ́fíìsì kan wà tí mo mọ̀, mi ò ní dárúkọ, tí pípẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ń ná ráídà lówó, ṣẹ́ẹ̀tì àìlọ̀ ń ná an lówó, kí kọ́sítọ́mà kọ ìràwọ̀ kan sílẹ̀ ń ná an lówó. Ẹ ní kí wọ́n fi gbogbo fáìnì tí wọ́n ní hàn yín lórí ìwé. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé Labour Act ò gbà kí agbanisíṣẹ́ máa yọ fáìnì nínú owó òṣìṣẹ́. Tó bá jẹ́ òfò tí òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ fà tàbí tí ìwà àìbìkítà ẹ̀ fà, wọ́n lè yọ díẹ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti fọwọ́ sí i níwèé, gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ lóṣù kan ò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó yẹn lọ. Kí wọ́n gba gbogbo owó oṣù yín nítorí fóònù kan tó sọnù, kò bófin mu.

Èyí tó tún ń dun àwọn ráídà jù ni álàátì ayédèrú. Kọ́sítọ́mà fi fóònù hàn yín, ó ní òun ti ṣe tránsífáà, ẹ gbé ẹrù fún un, owó ò dé. Ta ló ni òfò yẹn? Kọ́ńpìnnì tó gbọ́n ní ẹni kan ní ọ́fíìsì tó ń wo àkáǹtì, tí kò bá sọ pé "ó ti wọlé" ráídà ò ní já ẹrù sílẹ̀. Níbi tí kò bá ti sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ ráídà ló ń fojú ara ẹ̀ pinnu, ẹ fi òfò kan lóṣù mẹ́ta mẹ́ta kún ìṣírò yín.

Ẹ má sì kó ojúlówó sátífíkéètì yín fún wọn. Fótòkọ́pì ti tó. Onídùúró yín náà gbọ́dọ̀ ka fọ́ọ̀mù kó tó fọwọ́ sí i, torí àwọn fọ́ọ̀mù kan wà tó jẹ́ pé iye máṣíìnì lódindi ni wọ́n dè mọ́ ọn lọ́rùn.

Àwọn tó ń wa bọ́ọ̀sì ẹrù

Tiyín kúrú. Owó oṣù yín sábà máa ń ga ju ti ráídà, ohun tẹ́ ẹ máa béèrè ni owó ìrìn: ta ló ń san owó oúnjẹ àti ibi tẹ́ ẹ máa sùn l'Ékòó, ta ló ń san owó táwọn tó wà lójú ọ̀nà máa ń gbà, tí bọ́ọ̀sì bá kọṣẹ́ lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ta lẹ máa pè, ṣé ó sì máa gbé e. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi 10,000 tí wọ́n bá fi kún un rin òru. Oṣù kìíní 2024 ni wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà nínú ìpínlẹ̀ yìí, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n gbé àwọn ọmọ iléèwé Èmùré lọ, a ò tíì gbàgbé. Kó wà lórí ìwé pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti sùn síbi tí ilẹ̀ bá ti ṣú bá yín láìsí fáìnì.

Bẹ́ ẹ ṣe máa béèrè láìdàbí ẹni tó ń wá ìjà

Ọ̀pọ̀ ni ò kì í béèrè torí wọ́n rò pé ọ̀gá á ní "ọmọ yìí ti ń ṣe lọ́yà". Ẹ má béèrè ẹ̀ lójú kojú láàárín èèyàn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ní àwọn fẹ́ gbà yín, tẹ́ ẹ ò tíì gbà, ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kó lè wà ní àkọsílẹ̀, nǹkan bíi báyìí:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ ṣeun fún iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ fún mi, inú mi dùn sí i. Kí n lè múra sílẹ̀ dáadáa, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ mọ̀: ta ló ń ra epo, ta ló ń tún máṣíìnì ṣe? Aago mélòó la ń bẹ̀rẹ̀, aago mélòó la ń parí, ọjọ́ wo ni ọ́ọ̀fù? Ẹrù tí kọ́sítọ́mà bá dá padà, ṣé kọmíṣọ̀n wà lórí ẹ̀? Ṣé ẹ ń san pẹ́ńṣọ̀n àti NSITF? Tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ilé ìwòsàn wo la ń lò? Ẹ ṣeun sà, kí Olúwa máa bùkún iṣẹ́ yín."

Ọ̀gá tó bá dáhùn mẹ́rin nínú márùn-ún, ẹ lè bá a sọ̀rọ̀ lórí ìkarùn-ún. Ọ̀gá tó bá kàn kọ "wá bẹ̀rẹ̀ ní Monday", òun náà ti dáhùn.

Tẹ́ ẹ bá ní iṣẹ́ méjì lọ́wọ́, ẹ má lọ sọ fún ìkejì pé "àkọ́kọ́ ń san jù yín lọ", ó máa ń bí wọn nínú. Ẹ béèrè ohun tí kò ná wọn lówó púpọ̀: rénkóòtù àti hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó dáa, dátà 5,000 lóṣù, kẹ́ ẹ máa gbé máṣíìnì délé kẹ́ ẹ má baà fi owó ọ̀kadà dé ọ́fíìsì láàárọ̀. Owó ọ̀kadà 500 lálọ àti 500 lábọ̀ fún ọjọ́ 26 jẹ́ ₦26,000, iye tí ẹlòmíì ń bẹ̀bẹ̀ ọdún méjì kí wọ́n tó fi kún owó oṣù ẹ̀. Ká ní wọ́n gbà, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú létà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu.

Tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, tí álàátì owó oṣù àkọ́kọ́ wọlé, ẹ wò ó bóyá wọ́n yọ ìdá mẹ́jọ. Tí wọ́n bá yọ ọ́, òfin fún wọn ní ọjọ́ iṣẹ́ méje láti fi í ránṣẹ́ sí àpò ìfẹ̀yìntì yín. Ẹ ka ọjọ́ méje yẹn. Tí SMS ò bá dé, ẹ kọ́kọ́ pe PFA yín, ìyẹn kọ́ńpìnnì tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yín, fúnra yín kí wọ́n sọ ohun tó wà nínú àkáǹtì, kẹ́ ẹ tó lọ bá ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì.